Àwọn Ọmọ Ìsàlẹ̀ Odò

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé mi dé abúlé náà: bí omi bá kún lójijì, ta ni kò ní lè sá?

Ọ́fíìsì tí wọ́n rán mi sí fún ọdún ìsìnlú mi wà ní agbègbè ìgbèríko kan lẹ́yìn Accra, níbi tí ilé ti ń dín kù tí oko ẹ̀gẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti máa wo ibi tí ewu lè gbà wọlé kí ó tó wọlé: odò wo ló máa ń ya, òkè wo ni ilẹ̀ rẹ̀ lè ya lulẹ̀, òrùlé ta ni ìjì lè ká lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ìwé tí mo kà nípa ewu pọ̀ débi pé n kò lè rí àwọsánmà kí àyà mi má já. Láràárọ̀ tí mo bá jáde nílé màmá mi ní Darkuman, ojú ọ̀run ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ojú ọ̀nà. Bí ó bá ṣú, ọkàn mi á dàrú. Bí kò bá ṣú, ọkàn mi á tún dàrú, nítorí mo máa ń rò pé ńṣe ni òjò ń tàn wá jẹ. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò dá a dúró.

Ọmọ Ga, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Accra, ni ọ̀gá mi, baba oníkùn kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó mọ orúkọ mi dáadáa, ṣùgbọ́n “Anago” ló ń pè mí, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pe àwa ọmọ Yorùbá ní Ghana.

“Anago,” ó ní lọ́jọ́ kan, “àwọn èèyàn rẹ ló wà nísàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹni tí mo rán sí wọn ló padà wá lọ́wọ́ òfo. Ìwọ lọ.”

“Kí ni wọn ò fẹ́ sọ, sà?”

“Iye ọmọ wọn! Àbí àṣírí ìjọba nìyẹn?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló la abúlé yẹn sí méjì. Apá òkè ni ilé ìwé wà, àti ilé àwọn onílẹ̀. Apá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọjà, ni àwọn ìyá oníṣòwò tó jẹ́ Yorùbá ń gbé. Wọ́n ti kó lọ síbẹ̀ láti Sabon Zongo àti àwọn àdúgbò mìíràn láti ìgbà tí owó ilé ní Accra ti le mọ́ wọn. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé kọ̀ǹkéré gíga kan tí àwọn ará abúlé lè sá gùn bí omi bá dé, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni agbára wọn ká. Apá tí ọmọdé, arúgbó àti aláìsàn bá ti pọ̀ jù ni wọn yóò kọ́ ọ sí. Apá òkè ti ka tiwọn, wọ́n ti fi ránṣẹ́. Apá ìsàlẹ̀ ti sọ iye arúgbó àti aláìsàn wọn, iye ọmọ ló kù; bí wọn kò bá sọ ọ́ kí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ pinnu ọ̀rọ̀ náà tó jókòó, òkè ni ilé náà ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù.

Mo wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, láti Lapaz lọ síbẹ̀. Títí tí a fi dé, mo ń tún ohun tí n óò sọ sọ lọ́kàn mi bí ọmọ tó fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ.

Agbo ilé ńlá kan ni wọ́n tọ́ka mi sí. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè níbẹ̀, ọṣẹ tí àwọn ará Ghana ń fi orúkọ wa pè, tí wọ́n ń pè ní ọṣẹ Alata. Òórùn eérú èèpo kòkó gba gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbà tó ni agbo ilé jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ yí ọṣẹ tútù roboto roboto. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó o jókòó tì í, òun ló ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sàdíìnì nínú ìsọ̀ kékeré iwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.”

“O kú àárọ̀, ọmọ mi. Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Ọmọ ta ni ẹ́?”

Mo sọ fún wọn pé ọjà Kaneshie ni màmá mi ti ń ṣòwò, pé ará Ìnísà ni wọ́n. Ojú Ìyá Ọlọ́ṣẹ tàn.

“Ọmọ ilé wa ni! Ta ló ní kí o máa gbé báàgì bí agbowó-orí? Ẹ bá mi fún un ní kẹ́ńkì àti ẹja, ó rù bí ìgbálẹ̀.”

Mo jẹun. Wọ́n bi mí bóyá mo ti lọ́kọ, wọ́n fi ìdáhùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara mi ti ń balẹ̀. Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tó gbé mi wá.

“Mà, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí?”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò dá ọwọ́ dúró. “Ọmọ wà.”

“Mélòó ni wọ́n, mà?”

“Wọ́n pọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n dín.”

“Àmín o. Mo kàn fẹ́ mọ iye...”

“Ṣé adìyẹ ni wọ́n ni,” obìnrin tó ń ta mílíìkì gbà á lẹ́nu mi, “tí a ó fi máa kà wọ́n wọ àgò?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dénú.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni, ìbínú lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo na ìka sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lórí ẹní, mo ń kà wọ́n, ení, èjì, ẹ̀ta, màmá mi sì fi ọwọ́ gbá mi lẹ́nu kí n tó dé ẹ̀rin. Wọn kì í sábà nà mí, nítorí náà ni n kò fi gbàgbé. Ní yunifásítì, mo kọ́ pé ohun tí a kò bá kà, a kò lè dáàbò bò ó. Nǹkan méjèèjì ni mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn, àwọn méjèèjì sì ń jà nínú ikùn mi pẹ̀lú kẹ́ńkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ.

Ọ̀gá mi kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Òjò ti ń súnmọ́, ìjókòó ìgbìmọ̀ náà ń súnmọ́. “Bí wọn ò bá fẹ́ sọ, ìwọ ò lójú ni? Jókòó tì wọ́n kí o kà wọ́n fúnra rẹ.”

Mo padà lọ. Mo ra ọṣẹ, mo jókòó, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn ọmọ ń sáré kiri àgbàlá. “Àǹtí, akwaaba!” ni wọ́n fi ń kí mi, èdè Twi ló yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Mo ń fi ojú bá wọn lọ. Wọn kì í dúró lójú kan. Ẹni tó wọlé tún yọ lẹ́yìn ìkòkò, n kò sì mọ̀ bóyá òun náà ni àbí àbúrò rẹ̀.

“Kí ni ètè rẹ ń ṣe?”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

“Kò sí nǹkan kan, mà.”

“Ó ń kà wọ́n!” obìnrin tó ń ta mílíìkì pariwo. “Ẹ wo ètè rẹ̀ bí ètè ehoro tó ń jẹ koríko!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti dìde. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ da àwọn ọmọ wọ inú yàrá bí ẹni pé mo mú àrùn wá. Nígbà tí ó padà, kò bú mi. Èmi ì bá fẹ́ kí ó bú mi.

“Àwọn kan ti wá kà wọ́n rí,” ó ní. “Máa lọ sílé, ọmọ mi. Kí màmá rẹ fún mi.”

Obìnrin tó ń ta mílíìkì sìn mí dé títì. Ó ti ń káàánú mi. Ó sọ fún mi pé lẹ́yìn tí omi kan ya níjọ́sí, àwọn èèyàn kan gbé ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n sì kà wọ́n kí wọ́n tó pín in. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, iye tí wọ́n kà kò pé mọ́. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

“Omi ni?” mo bi í.

“Omi ni. Má tún bi wọ́n.”

Nínú tròtrò tó ń padà sí Lapaz, méètì, ìyẹn kọ́ńdọ́ ọkọ̀, ń pariwo orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, èmi sì ń ronú. Ó dá mi lójú pé kíkà kọ́ ló pa ọmọ náà. Ó dá mi lójú gan-an. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń rò ó ni mo ń bi ara mi pé: bí mo bá kà wọ́n, tí nǹkan kan sì tún ṣẹlẹ̀, ta ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ yóò máa rántí? Ojú mi ni yóò máa rántí. Bí n kò bá kà wọ́n, tí ilé náà bọ́ sí òkè, tí omi dé, ta ló jẹ̀bi? Èmi náà ni. Mo ka ara mi sí ẹni pàtàkì jù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù a máa sọ èèyàn di agbéraga láìmọ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún màmá mi, ìrẹsì ni wọ́n ń ṣà, wọn kò gbójú sókè.

“Ó dára bí wọ́n ṣe lé ọ. Ìwọ tí mo tọ́!”

“Màmá, nítorí tiwọn ni mo ṣe ń ṣe é.”

“Mo gbọ́. O ò lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o má kí wọn? Tí o bá dé ilé èèyàn, ṣebí o máa ń bèèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan? Báwo ni lágbájá, ṣé tàmẹ̀dò ń lọ sílé ìwé? Jẹ́ kí wọ́n dá orúkọ ọmọ wọn fún ọ, kí o sì ṣàdúrà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fẹ́ ṣírò lẹ́yìn náà, kí ó ṣírò. Kì í ṣe ẹnu rẹ ni iye á ti jáde.”

Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí ó bá mi lọ. Mo ní kí ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹnu àgbàlá, kí ó fi etí rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ó má sọ̀rọ̀ rárá. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì dákẹ́ rí, ṣùgbọ́n òun yóò gbìyànjú.

Mo kúnlẹ̀ lórí eérú, mo bẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ fún ètè mi. Mo ní n kò wá kà. Mo ní mo wá kí àwọn ọmọ, nítorí bí omi bá dé, mo fẹ́ mọ ẹni tí n óò máa bèèrè. Òtítọ́ ni mo sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin tó ń ta mílíìkì ló kọ́kọ́ dá orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Mo ní, “Ọlọ́run á dá a sí.” Wọ́n ní, “Àmín.” Ó dá èkejì. Bí ó bá dárúkọ ọmọ, ọmọ náà á yọ, á fò sókè, àwọn yòókù á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ tóbi, pé olè ẹran ni. Àwọn ìyá ń fi oríkì kún orúkọ, wọ́n ń ju ara wọn lọ. Mo rò pé ọjọ́ náà ni inú mi dùn jù lọ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló kẹ́yìn. Ó dá orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láàárín wọn, ó dá orúkọ kan, ẹnikẹ́ni kò yọ.

Kò sí ẹni tó wo ẹnìkejì. “Ọlọ́run á...” mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní “Àmín” fún mi, Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì bọ́ sí orí orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá mi ń fò fún ayọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbogbo “Àmín” ló ti ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà lábẹ́ igi. “Anago! Wọ́n fi díẹ̀ ju ti òkè lọ! Ilé náà ti di tiwọn!”

Mo dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀nà méjì ló wà, méjèèjì ló burú lójú mi. Bí mo bá dákẹ́, tí ìgbìmọ̀ wá wò ó, tí wọ́n rí i pé ẹnì kan kò sí, wọ́n lè ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni n óò yọ ọmọ náà kúrò láàárín àwọn àbúrò rẹ̀, níbi tí ìyá àgbà rẹ̀ fi í sí. Bí kíkà bá jẹ́ èèwọ̀, kí ni yíyọ?

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, ìyẹn kò sì yani lẹ́nu fún ẹni tó bá mọ̀ mí. Mo retí pé yóò ní kí n yọ ọ́ kúrò. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Níbo ni omi ti bá a?”

“N kò mọ̀, sà.”

“Nínú ilé ni, àbí lójú ọ̀nà?”

“N kò mọ̀. Wọ́n ní kí n má bèèrè.”

“Bèèrè,” ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi.” Kò pè mí ní Anago.

Mo padà wọlé. N kò rántí ọ̀rọ̀ tí mo lò. Ohun tí mo rántí ni pé Ìyá Ọlọ́ṣẹ fọ ọwọ́, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sóde, ó sì jáde. Àwa méjèèjì tẹ̀ lé e. Ó mú wa gba ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwé, títí dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, tí wọ́n fi pákó ṣe afárá kọjá odò tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Lọ́jọ́ yẹn, omi rẹ̀ kò tó kókósẹ̀. Ọmọ kékeré lè fò ó.

“Ibí ni,” ó ní. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n ti sọ fún wa pé bí omi bá dé, kí a sá lọ sílé ìwé, pé ibẹ̀ ló ga. Ìyá rẹ̀ ní, ‘Ṣáájú, máa lọ, à ń bọ̀.’ Ó ṣáájú.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó ṣí fìlà. Ó wo ilé ìwé lókè, ó wo agbo ilé lẹ́yìn wa, ó wo pákó náà.

“Ẹni tí kò lè sá ni à ń wá kiri,” ó ní. “Ẹni tó lè sá ni omi mú.”

Ìbéèrè wa kò lè bá ọmọ yẹn láéláé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ara rẹ̀ yá; bí a tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn ọmọ, iye náà kò ní sọ ohun tó pa á fún wa. Ó bà mí nínú jẹ́, ó sì tún ń bí mi nínú, mi ò mọ ẹni tí ìbínú náà ń lọ bá. Bí wọ́n bá kọ́ ilé gíga náà sí òkè, gbogbo ọmọ ìsàlẹ̀ ni yóò máa sá bọ̀ síbi pákó yìí nígbàkígbà tí òjò bá ṣú, nítorí pé a sọ fún wọn.

“Kí ló sọ?” Ìyá Ọlọ́ṣẹ bi mí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó mi orí.

“Sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí ni.”

Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Kò fi iye ọmọ kankan sí i. Ó kọ ọ́ pé ilé kan ṣoṣo kò lè gba abúlé tí odò là sí méjì là, pé bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan náà ni, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí pé àwọn tó wà lókè kò nílò láti kọjá odò láti rí ibi gíga. Ìgbìmọ̀ dá a padà, wọ́n ní àwọn kò rí iye. Ó tún un kọ, kò tún fi iye sí i. Nígbà tí mò ń kọ èyí, wọn kò tíì fèsì.

A kò lè sọ fún òjò pé kó dúró de ìgbìmọ̀. Ilé alájà kan wà lẹ́bàá ọjà, ti ìjọ kan, tí wọn kò tíì kọ́ parí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ àti obìnrin tó ń ta mílíìkì lọ bá pásítọ̀, kò sì rí ẹnu sọ pé rárá. A bá tíṣà sọ ọ́ pé bí òjò bá bá àwọn ọmọ nílé ìwé, kí ó dá wọn dúró lọ́hùn-ún. Bí ó bá bá wọn nílé, àjà òkè ilé ìjọ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá pákó. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló ń sọ èyí fún àwọn ọmọ láràárọ̀, ó ń fi igi tó fi ń ro ọṣẹ dẹ́rù bà wọ́n.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ bá mi ní Lapaz láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ilé ìwé. Ọkọ̀ kankan kò rìn. Mo sá sábẹ́ òrùlé ìsọ̀ kan pẹ̀lú àwọn èèyàn tí n kò mọ̀, mo ń tẹ nọ́ńbà Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kò wọlé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó wọlé, ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ariwo ọmọ lórí kọ̀ǹkéré.

“Ìyá, níbo lẹ wà?”

“Òkè ilé ìjọ ni a wà! Omi ti wọ ìsọ̀ ẹni tó ń ta mílíìkì, ó ń bú mi bí ẹni pé èmi ni mo rọ òjò. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kúrò lójú fèrèsé! Ṣé o ti jẹun?”

“Ìyá, pákó ńkọ́?”

“Pákó ti lọ.”

“Kò sí ẹni tó...”

“Mo ní òkè ni a wà.”

Fóònù já. Òjò ṣì ń rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti dá mi lóhùn, ó sì dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ gbéra, tí méètì ní omi ti bo ọ̀nà níwájú, pé ibi tí ọkọ̀ bá lè dé ni òun ń lọ, mo wọ̀ ọ́.